Ọmọ Ìyá Kan Náà Ni Aago Olówó Gọbọi àti Èyí Tí Kò Wọ́n

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé gbàǹjo Phillips ta aago ọwọ́ kan ní New York ní 17,752,500 dọ́là. Rolex Daytona ni. Paul Newman, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù tó tún ń wa mọ́tò eré ìje, ló ni ín nígbà ayé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ló rà á fún un. Iye owó yẹn pọ̀ débi pé ó rọrùn láti gbàgbé pé nígbà tí Rolex gbé irú aago yìí jáde ní 1963, iye tí wọ́n ń tà á kò jìnnà sí 200 dọ́là, síbẹ̀ kò yá lọ́jà. Ó máa ń pẹ́ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí ẹnì kan tó mú un. Lónìí, èyí tí wọ́n fi irin ṣe, tí kò ní wúrà kankan lára, ti lé ní 15,000 dọ́là, ẹni tó sì kó owó náà dání gan-an kò lè kàn wọlé kó rà á: wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á lọ máa retí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn irú aago bẹ́ẹ̀ fi ń yíjú sí èyí tí apá wọn ká, tí wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tó gba kámú, bíi pé àjẹkù ni wọ́n ń ra. Ìtàn aago náà kò ti èrò yẹn lẹ́yìn rárá. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú àwọn aago wọ̀nyí láti ilé iṣẹ́ kan dé òmíràn yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni olówó gọbọi àti aláìwọ́n, pé nígbà mìíràn àbúrò tí kò lórúkọ ló gba ogún tó dára jù, àti pé ohun tó sọ ọ̀kan nínú wọn di ọba kò sí nínú ẹ̀rọ náà.

Aago tí à ń sọ yìí, kírónógíráàfù, ń sọ wákàtí bíi ti gbogbo aago, ó sì tún ní ọwọ́ kan lọ́tọ̀ tí a lè tẹ bọ́tìnnì kó máa sáré, kí a tún tẹ̀ ẹ́ kó dúró, kí a wá dá a padà sí òdo. Iṣẹ́ ló bí i, kì í ṣe fáàrí. Ní 1821, Nicolas Rieussec, ẹni tó ń bá ọba Faransé ṣe aago, gbé ẹ̀rọ kan wá síbi eré ẹṣin ní Champ de Mars ní Paris. Bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá ti dé òpin, ẹ̀rọ náà á kán yíńkì tótó sójú àwo tó ń yí, wọ́n á sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹṣin náà fi sáré láti ibi tí yíńkì kán sí. Ní 1844, Adolphe Nicole, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní London, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irin kékeré kan tí ìrísí rẹ̀ dà bí ọkàn: ibi yòówù kí ọwọ́ aago wà, bí òòlù kékeré bá ti sọ̀kalẹ̀ sórí irin yẹn, yóò yí, kò sì ní dúró títí ọwọ́ aago yóò fi bọ́ sí òdo. Irin Nicole yìí ṣì wà nínú kírónógíráàfù onísípíríìngì tí wọ́n ń ṣe lónìí, ti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là àti ti igba dọ́là. Nígbà tí Breitling sì fi bọ́tìnnì kejì sí i ní 1934, aago náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé bí a ṣe mọ̀ ọ́n.

Wo àwọn tó ń lò ó nígbà náà. Dókítà ń ra èyí tí a kọ ìwọ̀n ìlù ọkàn sí etí ojú rẹ̀: yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò ka ìlù ọkàn aláìsàn dé 30, yóò tún tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ aago yóò sì fi hàn án iye ìgbà tí ọkàn náà ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ogun tó ń yin àgbá ń lo èyí tó ń sọ bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó: bó bá rí iná àgbá, á tẹ̀ ẹ́, bó bá gbọ́ ìró rẹ̀, á dá a dúró, nítorí pé ìró kì í yára bíi ìmọ́lẹ̀, ìwọ̀n tó wà lójú aago á sọ iye kìlómítà tó wà láàárín wọn. Awakọ̀ eré ìje fi ń mọ eré mọ́tò, awakọ̀ òfúrufú fi ń ṣírò epo àti ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ ológun Faransé kọ ohun tí wọ́n fẹ́ lára irú aago yìí sílẹ̀, wọ́n pè é ní Type 20, oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló sì ń ṣe é fún wọn. Ohun tí ológun béèrè ni pé kó péye, kó má tètè bàjẹ́. Orúkọ tó wà lójú rẹ̀ kò jẹ wọ́n lógún.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà tí ẹ̀rọ náà fi ń gbọ́ àṣẹ bọ́tìnnì, ó sì yẹ kí wọ́n yé wa nítorí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Àkọ́kọ́ ni kẹ̀kẹ́ olópòó. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ni, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, òkè rẹ̀ sì ní òpó mẹ́fà tàbí méje tó dúró yí ká pẹ̀lú àyè láàárín wọn. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ìkọ́ irin kan á fa eyín kan, kẹ̀kẹ́ náà á yí díẹ̀. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń sinmi lára àwọn òpó yẹn. Bí òpó bá kúrò níwájú ọ̀kan, á já sínú àyè, á sì jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń gbé ọwọ́ aago bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, òpó tó kàn á tì í jáde, ọwọ́ aago á dúró. Láti ara irin kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó gba àkókò, ó gba ẹni tó mọṣẹ́, bọ́tìnnì rẹ̀ sì máa ń rọ̀ létí ìka. Ọ̀nà kejì jáde láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Dubois Dépraz ní 1937, ilé iṣẹ́ Landeron sì lò ó: dípò òpó, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ gé ní gígún ní gígún, tí wọ́n ń pè ní kámù, ló ń ti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn síwá sẹ́yìn. Èyí kò wọ́n, ó rọrùn láti ṣe lọ́pọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ kàn máa ń le díẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan nínú bí méjèèjì ṣe ń wọn ìṣẹ́jú àáyá. Lónìí, kẹ̀kẹ́ olópòó ni àwọn ilé iṣẹ́ Switzerland fi ń polówó aago olówó iyebíye, bí àmì pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó rò pé Rolex ló ṣe gbogbo ohun tó wà nínú Daytona Newman yóò yà á lẹ́nu. Ẹ̀rọ Valjoux 72 ló wà nínú àwọn Daytona àkọ́kọ́. Valjoux jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ á ra ẹ̀rọ náà, á tún un ṣe bó ṣe wù ú, á fi àpótí àti ojú tirẹ̀ bò ó, á kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ọdún 1963 kan náà tí Daytona jáde ni Heuer gbé Carrera jáde, ẹ̀rọ Valjoux 72 kan náà ló sì wà nínú rẹ̀. Ó wà nínú ti Gallet, ó wà nínú ti Wakmann, àwọn orúkọ tí ẹni tí kò bá ń gba aago jọ kò gbọ́ rí. Lóòótọ́ ni Rolex ṣe àtúnṣe sí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tó bá ti rà á, ṣùgbọ́n àtúnṣe ni. Nígbà tó di 1988, Rolex fi èyí sílẹ̀, ó lọ ra ẹ̀rọ El Primero lọ́wọ́ Zenith, ó sì dín ìlù rẹ̀ kù láti 36,000 sí 28,800 ní wákàtí kan. Ọdún 2000 ni Daytona tó ní ẹ̀rọ tí Rolex fúnra rẹ̀ dá. Fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, ẹni tó ra Daytona ń ra ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ń tà fún ẹni tó bá ní owó rẹ̀.

El Primero náà ì bá má sí mọ́ kí Rolex tó rà á. Ní Ọjọ́ Kérésìmesì 1969, Seiko ti gbé aago kúọ́tìsì oníbátìrì jáde ní Japan. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣẹ́ aago Switzerland, tó ní òṣìṣẹ́ bí 90,000 ní 1970, kò ní tó 40,000 mọ́. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ni Zenith nígbà náà. Ní 1975, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n yé ṣe aago onísípíríìngì, kí wọ́n kó irinṣẹ́ rẹ̀ dànù. Òṣìṣẹ́ kan ní Le Locle, Charles Vermot, kò gbà. Ó kó àwọn irinṣẹ́ ìgé irin náà lọ sí òkè àjà, ó kọ bí a ṣe ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́. Òun ló jẹ́ kí Zenith lè ṣe El Primero lẹ́ẹ̀kan sí i ní àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, ohun tó gbé Daytona láti 1988 sí 2000 ni ẹ̀rọ tí àwọn tó ni ín ti kà sí irin àlòkù.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi yóò mú Omega Speedmaster wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ẹ̀rí wọn sì lágbára. Ní 1964, NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ mú kírónógíráàfù wá. Wọ́n fi wọ́n sínú ooru 71 lórí ìwọ̀n Celsius fún wákàtí 48, wọ́n gbé e dé 93 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n fi wọ́n sínú òtútù, sínú ọ̀rinrin, wọ́n mì wọ́n, wọ́n gbá wọ́n. Ti Rolex dúró nínú ìdánwò ọ̀rinrin, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ nínú ooru. Gíláàsì ti Longines tú. Ti Omega nìkan ló là á já, NASA sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1965. Òun ni Buzz Aldrin wọ̀ nígbà tó rìn lórí òṣùpá ní 1969. Òun ni Jack Swigert, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Apollo 13, fi wọn ìṣẹ́jú àáyá 14 tí wọ́n fi dáná sí ẹ̀rọ ọkọ̀ náà láti tún ọ̀nà ilé ṣe ní 1970. Èmi náà bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀rí yẹn fi hàn gan-an. Ó fi hàn pé aago tó là á já yẹn kò wọ́n ju ti àwọn tó ṣubú lọ, àti pé orúkọ Rolex kò gba aago rẹ̀ lọ́wọ́ ooru. Ẹ̀rọ inú Speedmaster náà, tí Omega ń pè ní 321, orí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Lemania ni wọ́n kọ́ ọ lé, kẹ̀kẹ́ olópòó ló sì ní. Láti 1968, Omega fi ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, 861, tó ń lo kámù, èyí tí kò wọ́n láti ṣe. Orúkọ kò yí padà. Owó kò wálẹ̀. Aago náà sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò òfúrufú sì ń wọ̀ ọ́ lọ.

Ìgbà tí ẹnu Omega ròkè jù ní òfúrufú gan-an ni aago aláìwọ́n kan bá a dé ibẹ̀. William Pogue, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó lo ọjọ́ 84 nínú Skylab, ibùdó Amẹ́ríkà ní òfúrufú, láti oṣù Kọkànlá 1973 sí oṣù Kejì 1974, ti ra Seiko 6139 kan fún ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ológun. 71 dọ́là ló san. Òun ló fi ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó fún un ní Omega, ó sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá kó o sápò, ó gbé e lọ. Omega tí wọ́n fún un jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ yí. Ti Seiko yìí ń gba agbára lára mímì apá ẹni tó wọ̀ ọ́, òun sì ni irú aago bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ tó ní kírónógíráàfù tó dé òfúrufú. Inú rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ olópòó. Ó tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: dípò kí kẹ̀kẹ́ eléyín máa ti ẹ̀gbẹ́ wọ inú ara wọn, tí eyín á máa kan eyín, tí ọwọ́ aago á fi fò díẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra, orí ara wọn ni àwọn àwo tó ń so ó pọ̀ dúró lé, wọ́n á kàn di ara wọn mú, ọwọ́ aago á gbéra wẹ́rẹ́. Irú ètò yìí ni Rolex lò nígbà tó dá ẹ̀rọ tirẹ̀ fún Daytona ní 2000. Èmi kò sọ pé Rolex jí i wò. Mo ń sọ pé ní 1969, ẹni tó ra Seiko ti ní ohun tí ẹni tó ra Daytona yóò dúró ọdún 31 kó tó ní.

Ìtàn tó jẹ́ ọkàn ọ̀rọ̀ mi wà ní Moutier ní Switzerland àti Tianjin ní Ṣáínà. Ní Moutier, ilé iṣẹ́ Venus ń ṣe ẹ̀rọ kírónógíráàfù kan, Venus 175, kẹ̀kẹ́ olópòó, iṣẹ́ tó mọ́, tí Breitling náà fi sínú aago rẹ̀. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1950, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ́n jù fún ọjà; Venus fẹ́ kó owó jọ fún ẹ̀rọ oníkámù tí kò ní náni lówó púpọ̀. Ní àsìkò yẹn, àwọn ológun òfúrufú Ṣáínà ń wá aago tí awakọ̀ wọn lè lò, ìjọba sì gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ aago Tianjin, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ṣe aago ọwọ́ àkọ́kọ́ Ṣáínà ní 1955. Nọ́ńbà iṣẹ́ náà ni 304, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Venus ta irinṣẹ́ àti àwòrán ẹ̀rọ 175 fún wọn. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó láti fara wé iṣẹ́ ẹlòmíràn: ẹni tó ni ín ló gbé irinṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́, ó sì gba owó rẹ̀. Àwọn àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ jáde ní 1963, ìyẹwò wọn parí ní 1965, wọ́n sì ṣe nǹkan bí 1,400 fún àwọn awakọ̀. Ojú rẹ̀ rí pọ́nràn bí eyín erin, ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí aró, ìràwọ̀ pupa kan wà lókè. Kò sí lọ́jà. Ti ìjọba ni.

Ẹ̀rọ yẹn kò kú. Lẹ́yìn ọdún 2000, Tianjin, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Seagull báyìí, tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀, wọ́n pè é ní ST19, wọ́n sì tún ṣe aago awakọ̀ náà fún aráyé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní 1963. Kò dé 500 dọ́là. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, gíláàsì ni: kẹ̀kẹ́ olópòó tí àwọn ilé iṣẹ́ Switzerland ń fi polówó aago ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wà níbẹ̀, àwọn òpó rẹ̀ dúró yí ká, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń yí. Ní ti Venus, ẹ̀rọ oníkámù tó torí rẹ̀ ta ogún rẹ̀, Venus 188, bọ́ sọ́wọ́ Valjoux nígbà tí Valjoux gba Venus ní 1966. Valjoux yí orúkọ rẹ̀ sí 7730, ó tún un ṣe di 7733 àti 7734. Irinṣẹ́ 7734 ni wọ́n tà fún ilé iṣẹ́ aago ní Moscow ní àwọn ọdún 1970, tí ìyẹn fi di Poljot 3133 tí àwọn ológun òfúrufú àti ológun omi Soviet ń lò. Láti ara ìdílé oníkámù yìí náà ni Edmond Capt ti dá Valjoux 7750, tó jáde ní 1974, tó sì ń gba agbára lára mímì apá. Ẹ̀rọ 7750 yìí ló wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún aago Switzerland láti ìgbà náà, ti olówó kékeré àti ti olówó ńlá. Orí rẹ̀ ni Kurt Klaus ti IWC kọ́ aago Da Vinci 1985 lé, tó ń mọ oṣù àti ọdún fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì fi wúrà ṣe. Ẹ fojú inú wo bí ogún náà ṣe pín. Ẹni tó ń san igba sí irinwó dọ́là fún Seagull gba kẹ̀kẹ́ olópòó tó wọ́n láti ṣe. Ẹni tó ra wúrà IWC gba kámù tí Venus ṣe nítorí pé kò ní náni lówó púpọ̀. Àwọn méjèèjì ra ohun tó dára. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé ọ̀kan jẹ́ òjìji èkejì?

Ẹnì kan lè sọ fún mi pé irinṣẹ́ kan náà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Òótọ́ ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ṣe pàtàkì. ST19 kò dán bíi ti Breitling ayé àtijọ́, etí irin rẹ̀ kì í mọ́ bẹ́ẹ̀, òmíràn á pé, òmíràn á sì ní kí wọ́n tún un tò kó tó pé. Rolex ń yẹ aago rẹ̀ wò ju bí Tianjin ṣe ń ṣe lọ, omi kì í tètè wọ ti Rolex, irin àpótí rẹ̀ sì lágbára. Bí ẹnì kan bá fẹ́ san owó fún èyí, iṣẹ́ gidi ló ń sanwó fún. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ yẹn kò tó ohun tí iye owó náà fi ń jìnnà síra. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 400 dọ́là àti 15,000 kò sí lára irin. Ọdún 2022 fi hàn kedere. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Swatch Group, tó ni Omega, gbé MoonSwatch jáde ní 260 dọ́là: ìrísí Speedmaster, orúkọ Omega lójú rẹ̀, bátìrì nínú rẹ̀, àpótí rẹ̀ kì í sì ṣe irin. Àwọn ènìyàn tò sí ojú ọ̀nà ní ìlú púpọ̀ káàkiri ayé, ibòmíràn ń kó ọlọ́pàá wá. Nígbà yẹn náà, ẹni tó bá ní nǹkan bí iye owó kan náà lè ra Seagull onísípíríìngì láìtò síbì kankan. Orúkọ ni wọ́n tò fún.

Àwọn mìíràn á sọ pé aago olówó ńlá jẹ́ owó tí a tọ́jú, pé ẹni tó bá ra Daytona lè tà á lọ́la kó jèrè, ta ni yóò ra Seagull àlòkù? Ọ̀rọ̀ yìí kó ìtàn sẹ́yìn. Àwọn tó ra Daytona ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kò rà á fún èrè, bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á nígbà náà, àdánù ni. Owó tó gbé e sókè jẹ́ ti àwọn agbaago-jọ tó wá lẹ́yìn, àwọn tó so ó mọ́ Newman, mọ́ eré ìje, mọ́ ayé tó ti lọ. Owó tó gòkè lọ́nà yẹn lè sọ̀kalẹ̀: lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, iye tí àwọn aago Rolex ń lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún wọn tà já wálẹ̀, àwọn tó yá owó rà wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi owó pamọ́, àwọn ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ aago, aago ni kó rà.

Àtakò kan wà tó wúwo jù lójú mi: pé aago aláìwọ́n jẹ́ ayédèrú. Ó yẹ ká ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ dáadáa, nítorí pé wọ́n ń ta ayédèrú fún wa púpọ̀. Ẹni tó kọ Rolex sójú aago tí Rolex kò ṣe, olè ni, ẹni tó sì mọ̀ọ́mọ̀ rà á ń bá olè jẹ. Seagull kọ orúkọ tirẹ̀, Seiko kọ orúkọ tirẹ̀, Poljot náà bẹ́ẹ̀. Ìtàn wọn sì wà lẹ́yìn wọn. Láàárín méjèèjì ni àwọn tó ń gé ojú Daytona gẹ́lẹ́, bọ́tìnnì rẹ̀, etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀, tí wọ́n wá kọ orúkọ mìíràn sí i kí òfin má bàa mú wọn. Èmi kò bá wọn wí nípa òfin. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni àjẹkù, nítorí pé kò ní ohun kan láti sọ bí kò ṣe pé òun fẹ́ jọ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ aago tí kò wọ́n, kó yan èyí tó ní ìran tirẹ̀.

Ní ti bátìrì, n kò rí ohun tí wọ́n fi ń fojú tẹ́ ẹ. Seiko ní ẹ̀rọ VK63 àti VK64 tó ń fi kúọ́tìsì ka àkókò, tó sì ń fi òòlù àti irin ìrísí ọkàn bíi ti Nicole dá ọwọ́ aago padà sí òdo, kí ó lè fò padà gbọn-ọn bíi ti onísípíríìngì. Ó péye ju gbogbo àwọn onísípíríìngì tí mo ti dárúkọ lọ, kò wọ́n, kò sì ń béèrè ju bátìrì lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Fún ẹni tó fẹ́ fi aago ṣiṣẹ́ tí kò fẹ́ wàhálà, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan tan yín pé owó tí ẹ fi ra onísípíríìngì ti parí. Kírónógíráàfù ní irin kéékèèké púpọ̀, òróró inú rẹ̀ ń gbẹ, ó sì yẹ kí wọ́n tú u, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tò ó padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nílé wa, ẹni tó lè pààrọ̀ bátìrì aago wà ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹni tó lè tú kírónógíráàfù palẹ̀ kó sì tò ó padà kò pọ̀. 7750 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ jù, nítorí pé òun ló pọ̀ jù láyé. Ti ST19, owó àtúnṣe lè ju owó aago lọ, nígbà mìíràn ó dára jù láti ra ẹ̀rọ tuntun kí wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gbèrò láti ra irú aago yìí, ẹ béèrè ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀, ẹ wá ẹni tí yóò máa bá yín tún un ṣe, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó lè fún yín ní ìwé rẹ̀.